Èmi Ni Mo Da Ọ́ìlì, Ẹ̀gbọ́n Mi Ló Jẹ̀bi

Oṣù mẹ́sàn-án rèé tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Bí mo bá pàdé ẹni tó mọ̀ wá, yóò dì mọ́ mi, yóò ní kí n mọ́kàn le, pé ẹ̀gbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ṣọ̀wọ́n. Mo máa ń dúpẹ́. Mo máa ń dorí kodò. Wọ́n rò pé ẹkún ló dí mi lọ́fun.

Ìtìjú ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún òkú náà nígbà tó wà láàyè, kí ẹ tó mọ irú ìkíni tó tọ́ sí mi.

Ọmọ méjì péré ni ìyá wa bí. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi wà ní kíláàsì kẹta ilé ìwé girama, èmi ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Agbára ìyá wa kò gbé ọmọ méjì nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó ká a sínú àpótí, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Kò sẹ́ni tó rán an. Bí èmi ṣe rí ìwé kà nìyẹn, títí mo fi di olùkọ́ fisíìsì.

Gíá ọkọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀, pàápàá gíá ọ́tò, èyí tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá Sùúrù ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí kò sí ohun tó lè mú un kánjú. Bí o bá sọ fún un pé o fẹ́ gba ọkọ̀ rẹ ní aago méjì, yóò nu ọwọ́ rẹ̀ lára àkísà, yóò wò ọ́ sùn-ùn, yóò ní, "Aago méjì ti ọjọ́ wo?" Wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kì í padà wá tìtorí àìsàn kan náà.

Bàbá Lọ́yà ni ẹ̀gbọ́n ìyá wa, agbẹjọ́rò àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀ nínú ẹbí. Nígbà tó ń lọ tọ́jú ojú rẹ̀ lọ́nà jíjìn, oṣù mẹ́rin ló fẹ́ lò níbẹ̀. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ mi kó má baà jókòó sójú kan kó kú.

Ó sọ ohun méjì fún mi lọ́jọ́ náà. Èkíní ni pé bí òun bá dé, òun yóò kọ lẹ́tà fún mi sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, níbi tí mo ti ń wá iṣẹ́. Ó wà lára àwọn ìgbìmọ̀ ibẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́. Èkejì ni pé kí n gbé ọkọ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n mi kó pààrọ̀ ọ́ìlì gíá rẹ̀, torí wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti rà á. Bí iṣẹ́ náà bá tẹ́ òun lọ́rùn, ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ọ́fíìsì òun ni yóò máa tọ́jú.

Ọkọ̀ mẹ́fà. Mo jíṣẹ́ náà fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó kàn gbójú sókè wo òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, páànù tó ti ń jò láti ọdún mélòó kan, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé bí yóò ṣe ṣe é. Ó ní ìgbà mẹ́ta ni òun yóò pààrọ̀ ọ́ìlì ọ̀hún. Bí èèyàn bá tú bóòtì ìdí gíá, ìdajì ọ́ìlì péré ni yóò jáde, ìdajì yòókù á wà nínú ikùn rẹ̀. Nítorí náà òun yóò da ti àkọ́kọ́ nù, òun yóò fi tuntun sí i, kí n wá máa wà á fún ọ̀sẹ̀ kan kí àtijọ́ àti tuntun pò. Òun yóò tún da ìyẹn nù. Ìgbà kẹta ni ọ́ìlì yóò tó mọ́.

Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ọ́ìlì lásán? Mo ní mo ti kà nípa ẹ̀rọ tó ń ti gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Tíṣà," ló pè mí, bó ṣe máa ń pè mí bó bá fẹ́ fi mí ṣeré, "ẹni tó ti pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀, wọn kì í fà á dìde lójijì. Yóò ṣubú. Mú un wá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọkọ̀ mẹ́rin ló wà níwájú rẹ."

Ọkọ̀ mẹ́rin níwájú mi, èmi àbúrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀.

Mo rojọ́ náà nínú yàrá àwọn olùkọ́. Olùkọ́ kẹ́mísírì, tí àga rẹ̀ kọjú sí tèmi, ń bó ọsàn. Ó ní ẹ̀yìnkùlé òun ni òun ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì gíá tòun, pé òun á ti ṣe é tán kí omi ìwẹ̀ tó gbóná. Ó wá gbé ojú sókè.

Ó ní, "Ìwọ tí ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ẹ̀rọ, o tún ń lọ tò sẹ́yìn ẹni tí kò parí girama."

Kò mọ ìdí tí ẹni náà kò fi parí girama. Èmi mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n sọ fún un. Mo rẹ́rìn-ín ni, mo sì na ọwọ́ gba ẹ̀là ọsàn kan. Bí mo bá ń wá ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń bá a, kì í ṣe lábẹ́ ọkọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó béèrè irú gíá tó wà nínú ọkọ̀ náà. Mo ní ọ́ìlì ọ́tò ni mo fẹ́, èyí tó pupa. Ó ní kì í ṣe gbogbo ọ́tò ló ń mu pupa, kí n lọ wo ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Mo ní mo mọ ohun tí mo ń ṣe, olùkọ́ fisíìsì ni mí. Ó wò mí, ó sì gbé ike mẹ́rin sílẹ̀ fún mi.

Ìwé tó bá ọkọ̀ wá wà nínú àpótí iwájú, ní ìsàlẹ̀ gíláàsì. Mi ò ṣí i.

Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè lẹ́yìnkùlé, mo gbé fóònù tí fídíò ń lọ lórí rẹ̀ ka orí bíríkì. Ìyàwó mi ń sá aṣọ. Ó béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n mi ni yóò wá bá mi ṣe é. Mo ní rárá. Ó ní ṣé ó mọ̀? Mo ní bí mo bá ṣe tán, yóò mọ̀. Ó na aṣọ kan sórí okùn, ó fi pẹ́ẹ̀gì mú un, ó ní, "Ẹ ṣáà rọra o. Ohun tí kì í ṣe tiwa ni."

Nígbà tí mo tú bóòtì, ọ́ìlì tó jáde kò pupa. Àwọ̀ ewé tó ti ń ṣókùnkùn ló ní. Ẹ gbọ́ bí ọgbọ́n ìwé ṣe lè sọ èèyàn di òmùgọ̀: inú mi dùn. Mo rò pé ìbàjẹ́ ló sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, bí omi inú àmù tó ti pẹ́. Mo wò ó pé mo yọ gíá náà nínú ewu. Mo fi àrọ da pupa sí i, mo fọwọ́ mi, mo sì wọn ọ́ìlì náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, láì mọ̀ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wọn ti gíá.

Irú gíá tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, àwọ̀ ewé gan-an ni ọ́ìlì rẹ̀. Pupa májèlé ni fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò ṣe nǹkan kan. Mo tilẹ̀ fọ́nnu fún olùkọ́ kẹ́mísírì. Lọ́jọ́ kẹrin, bí mo bá tẹ iná, ẹ́ńjìnnì á ké, ọkọ̀ á lọ́ra kó tó lọ. Lọ́jọ́ kẹfà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ohùn kan tún ń jáde lábẹ́ rẹ̀, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọkún tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló kù kí Bàbá Lọ́yà dé.

Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ro ọ̀rọ̀ tí n ó sọ lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, oníbàárà mẹ́ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ní ọkọ̀ rèé o, ṣebí ẹ ní kí n mú un wá?

Ó wọ inú kòtò tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Mo dúró létí kòtò náà. Ó ní àṣà kan: ọkọ̀ yòówù tó bá dé, yóò kọ́kọ́ bu díẹ̀ nínú ọ́ìlì tó bá nínú rẹ̀ sínú ìgò kékeré, yóò lẹ bébà mọ́ ìgò náà, yóò kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ọjọ́ sí i. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn, òun lè wo bí òun ṣe bá a.

Mo rí ọ́ìlì náà bó ti ń ṣàn. Pupa rúsúrúsú ni, ó ń dán nítorí èérún irin wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó da ẹ̀kán kan sórí bébà funfun, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi, láìgbójú sókè, bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan gíá yìí láìpẹ́.

Mo ní rárá.

Ó jáde nínú kòtò. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kò ti lè gbọ́ wa. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àbúrò mi, bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, kì í ṣe ọ̀ràn. Èmi náà ti ba gíá jẹ́ rí. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ ni."

Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún mi yẹn. Ó ṣí i gbayawu, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè kọjá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe gba ọkọ̀ náà ni mo ṣe gbé e wá."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa." Ó padà sínú kòtò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jà fún gíá náà. Ó tú abẹ́ rẹ̀, ó fọ asẹ́ rẹ̀, ó pààrọ̀ ọ́ìlì sí i lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú èyí tó tọ́. Ó sọ fún mi pé òun ti ṣe ìwọ̀n tí ọwọ́ òun mọ, pé ohun tó ti jẹ tán kì í hù padà. Síbẹ̀ ohùn ẹkún yẹn rọlẹ̀, ọkọ̀ sì ń rìn. Mo sọ fún ara mi pé ó ti tán.

Bàbá Lọ́yà dé. Ní ọjọ́ kẹta tó dé, orí afárá ni gíá náà ti kú. Adájọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn ń fọn fèrè, wọ́n ń bú wọn. Adájọ́ náà ní láti bọ́ sílẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ láti orí afárá, nínú oòrùn, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Bàbá Lọ́yà ránṣẹ́ pe gbogbo wa. Pálọ̀ rẹ̀ tutù, aago ńlá kan wà lára ògiri, ìwé kún orí tábìlì rẹ̀. Ìyá wa jókòó. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí rọ́ọ̀gì bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n mú.

Ó kọ́kọ́ sọ ìtàn adájọ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ìgbésẹ̀ kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ta ló fọwọ́ kan gíá ọkọ̀ mi?"

Ojú mi ló ń wò, torí ọwọ́ mi ló fi ọkọ̀ sí. Mo gbọ́ ohùn ara mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo gbé e fún, sà."

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi àtàńpàkò pa etí fìlà rẹ̀. Ó wo tábìlì Bàbá Lọ́yà, ó wò mí, ó sì tún wo tábìlì náà. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀. Mo tilẹ̀ ti ń ronú bí n ó ṣe sẹ́.

Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ mi ló kú sí."

"Onísùúrù ni wọ́n ń pè ọ́," ni Bàbá Lọ́yà wí. "Mi ò mọ̀ pé sùúrù lo fi ń pa nǹkan."

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, àgbà ló sọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló na ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀bẹ.

Ọkọ̀ mẹ́fà ọ́fíìsì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò àgbà bá sọ lórí tábìlì oúnjẹ kì í pẹ́ kó tó dé ìgboro. Ní òpópónà àwọn mẹkáníìkì, wọ́n ti gbọ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Panẹ́bítà kan, tó ń fi òòlù tún ara ọkọ̀ tó bá wó ṣe, wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin alásọrégèé tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí òòlù rẹ̀. Bí ọkọ̀ tó bàjẹ́ bá kọjá, yóò kígbe pé, "Ọ̀gá Sùúrù, ẹ bá wa fi sùúrù pa èyí náà." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, ó ń yí ẹ̀yìn sí ìta ṣiṣẹ́.

Àwọn oníbàárà kò bá a jà. Wọn kàn ṣíwọ́ wíwá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹyẹ ṣe ń kúrò lórí igi. Kí ọdún tó yí po, ó ti pa ṣọ́ọ̀bù náà dé. Ó lọ gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan, níbi tó ti ń fi kẹrosíìnì fọ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì fún ọ̀gá tí ọjọ́ orí rẹ̀ fi ọdún mẹ́wàá kéré sí tirẹ̀.

Lẹ́tà tèmi jáde. Mo di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ra ọkọ̀ tèmi, gíá ọ́tò ni. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ wá ni mo ń gbé e fún, mi ò gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi rí.

Lẹ́yìn náà ni kíndìnrín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Mi ò ní sọ pé èmi ló dá àìsàn náà sí i lára. Mo kàn mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ṣáájú kí àìsàn tó dé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Bàbá Lọ́yà wá kí i. Yàrá náà kéré: bẹ́ẹ̀dì kan, àga méjì, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ oníbàárà tó ti gé tó sì kó jọ. Ìyá wa jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi òróró pa ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó wú. Èmi dúró nítòsí ilẹ̀kùn.

Bàbá Lọ́yà fẹ́ sọ ohun rere. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kó má ro ohun àtijọ́, kó fi ọkàn balẹ̀.

Ó ní, "Ní ti ọkọ̀ yẹn, mo ti dárí jì ọ́."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó wọ yàrá inú, a sì gbọ́ tó ń fa páálí nílẹ̀. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í le ni. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa ló ti ń pè mí ní Akọ̀wé, torí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Nígbà tó jáde, ìgò kékeré méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, kí ẹ tó dárí jì í, ẹ wo èyí."

Ó gbé ìgò kìíní lé orí àga. Nọ́ńbà ọkọ̀ Bàbá Lọ́yà wà lára rẹ̀, àti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Ọ́ìlì inú rẹ̀ pupa, irin wẹ́wẹ́ ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó ní èyí ni ọkọ òun bá nínú ọkọ̀ kó tó fi sípánà kàn án. Ó gbé èkejì tì í. Àwọ̀ ewé ni. Ó ní èyí ni ọkọ òun fi sí i, òun náà sì ni ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ, ẹni tó bá lè kàwé lè lọ wò ó.

Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Ọwọ́ ta ni ọkọ̀ wà, Bàbá, nígbà tó mu pupa?"

Bàbá Lọ́yà jẹ́ ẹni tó ti lo ogójì ọdún nínú bíbéèrè ọ̀rọ̀. Kò béèrè ohunkóhun. Ó kàn yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ mi.

Ọwọ́ ìyá wa dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń pa. "Ọmọ mi," ló wí, "fọhùn."

Mi ò fọhùn. Mo ti ń sọ̀rọ̀ níwájú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ń gba owó lé e lórí. Lọ́jọ́ náà, gbogbo yàrá náà gbọ́ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀. Kì í ṣe èmi ló bá wí, ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ní kó gbé ìgò wọ̀nyẹn kúrò, pé òun ní kó dà wọ́n nù ọjọ́ ti pẹ́.

Bàbá Lọ́yà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tó fi gbé ẹrù ẹlẹ́rù rù.

Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí i. "Lẹ́tà rẹ̀ wà lórí tábìlì yín lọ́jọ́ náà, sà. Ẹ ò tíì fọwọ́ sí i." Ó mí. "Èmi ni mo fi ìwé sílẹ̀ kó lè rí i kà. Ṣé kí n wá jẹ́ kó já sí asán nítorí gíá?"

Ìyá wa gbé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lọ, kò tún wò mí mọ́. Mo jáde. Inú ọkọ̀ mi ni mo lọ jókòó sí, mo ti ilẹ̀kùn, mi ò sunkún, mi ò sì padà wọlé.

Ọjọ́bọ̀ ni mo padà lọ. Mo ti kọ ohun tí n ó sọ sórí ìwé, mo ti kọ́ ọ sórí. Òun nìkan ló wà nínú yàrá, ojú rẹ̀ sì là. Mo jókòó. Mo béèrè nípa oògùn rẹ̀. Mo béèrè bóyá ó jẹun. Mo ní oòrùn ọjọ́ náà mú. Ó ń dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù rẹ̀ àtijọ́, bí ẹni tó mọ̀ pé ohun kan ń bọ̀ tí kò sì fẹ́ já a gbà.

Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa?"

Mo ní, "Ó ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo pinnu pé lọ́jọ́ Sátidé ni n ó sọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì, ní òwúrọ̀, ó kú.

Ẹlòmíì lè rò pé ohun tí mo ń wí ni pé kí èèyàn má pààrọ̀ ọ́ìlì gíá ọkọ̀ rẹ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá ka ìwé ọkọ̀ rẹ̀, tó ra ọ́ìlì tí ìwé dárúkọ, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kóun dúró kóun pe ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, ẹ̀yìnkùlé tó o. Gíá tí mo bà jẹ́, wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ohun tí mo sọ lórí rọ́ọ̀gì Bàbá Lọ́yà ni kò ní àrọ́pò. Bí o bá ti ṣe àṣìṣe, tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ sì mú ọ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó rọ ohùn sílẹ̀ fún ọ, jọ̀wọ́, sọ ọ́ níbẹ̀.

Bàbá Lọ́yà kò gba lẹ́tà rẹ̀ padà. Ó ní kí n máa jókòó lórí àga tí ẹ̀gbọ́n mi fi orúkọ rẹ̀ rà fún mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i, ṣùgbọ́n kò pè mí ní Akọ̀wé mọ́.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ sí òpópónà àwọn mẹkáníìkì. Mo ti pinnu pé ibi tí wọ́n ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ni n ó ti tún un ṣe. Mo dúró níwájú panẹ́bítà. Mo ní kó pe àwọn yòókù. Wọ́n kóra jọ, ọwọ́ wọn dúdú, wọ́n rò pé mo wá ṣètò nǹkan lórí ìrántí òkú.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ nípa ọ́ìlì pupa, ìgò, irọ́ tí mo pa lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní Ọ̀gá Sùúrù kọ́ ló ba gíá ọkọ̀ náà jẹ́, èmi ni. Mo sọ ọ́ débi tó parí sí.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ì bá dára bí wọ́n bá bú mi. Panẹ́bítà gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀ lórí pátákó. Ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú rẹ̀, ó sì mú un dání. Ó wo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì, níbi tí ẹlòmíì ti ń ta táyà báyìí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Tíṣà," ló wí. "Ẹ ti sọ tiyín. Àwa tá à ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, ta la ó wá lọ bẹ̀ báyìí?"

Ó dúró, ó ń wò mí, bí ọmọ kíláàsì tó béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́, tó sì rò pé olùkọ́ ní ìdáhùn.